Lúùpù ni àbí èyí tí wọ́n ń fi sápá?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Mo ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́, a sì fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí. Nọ́ọ̀sì ní èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin jáde, ó sì ń mú kí omi ẹnu ilé ọmọ ki, kí àtọ̀ má lè kọjá. Ti lúùpù, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, bàbà ara rẹ̀ ló ń sọ àtọ̀ di aláìlágbára kó tó bá ẹyin pàdé. Ó lè lo ọdún 10. Òun lọkàn mi fà sí. Àmọ́ nǹkan oṣù mi máa ń pọ̀, wọ́n sì ní lúùpù lè dá kún un. (Ẹ má sọ pé ọmú nìkan tó láti dènà oyún o, ọmọ mi ti ń jẹun.) Ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n, èwo ni kí n ṣe?