Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé inú ọgbà ìwádìí ni kí n gba láàbù sí, àbí kí n wá ibi olówó pọ́ọ́kú?

Aforúkọbò:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, ọkàn mi ló gbọgbẹ́. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kan lórí ẹ̀gẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ní oró nínú, òun ló jẹ́ kí àwọn ìyá wa máa rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin kó tó di fùfú. Ohun tí mo ń ṣe máa jẹ́ kí oró yẹn tètè kúrò. Mo fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ wo ọgbà ìwádìí kan lápá Cambridge, ní Ìlú Ọba níbí, pé ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké irú tèmi ń kóra jọ sí. Mo lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Owó páàkì mọ́tò ti bà mí nínú jẹ́ kí n tó wọlé rárá. Ọkùnrin tó mú mi yí ọgbà ká kò fi ìjókòó lọ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí pé ta ló wà lẹ́yìn mi, bí ẹni pé mo wá tọrọ jẹ. Nígbà tó wá pe owó tábìlì kan ṣoṣo nínú láàbù, kì í ṣe yàrá o, tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé tí èmi, ọkọ mi àtọmọ mẹ́ta ń gbé.

Ọkọ mi ní kí n gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ládùúgbò wa, owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n pa iṣẹ́ náà tì, kí n máa ta aṣọ. Èmi àtọkọ mi ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti àná, torí ó tún kó ẹja Titus lé orí àwọn ìgò mi nínú fírísà gáréèjì. Mo ti kìlọ̀ fún un títí!

Kí ni ọgbà yìí fẹ́ ṣe fún mi tí owó rẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Luton:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Lọ jẹun ná. Ọ̀rọ̀ fírísà yẹn yé mi, ọkọ tèmi náà a máa kó ẹran iléyá lé ohun tí mo fẹ́ fi se oúnjẹ ayẹyẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ títà, ilé ìdáná tí èèyàn mẹ́fà jọ ń lò ni mo gbà. Owó rẹ̀ ń dùn mí. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Ghana tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi bí mo ṣe máa kọ ìwé káńsù hàn mí. Síbẹ̀, tí owó ò bá sí, gba ti ọkọ ẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi oògùn sí fùfú? Ìyá mi jẹ fùfú ọlọ́jọ́ mẹ́rin títí ó fi di arúgbó. Èmi ò ní jẹ fùfú oníkẹ́míkà.

Bọ̀dá Boston:
Arábìnrin, má jẹ́ kí owó tábìlì bò ọ́ lójú. Cambridge ti Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó lé ní ogún ọdún báyìí. Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe suwíìtì NECCO tẹ́lẹ̀. Ilé suwíìtì yẹn ni Novartis, ilé-iṣẹ́ oògùn, sọ di ibùdó ìwádìí. Ìbẹ̀rù ni wọ́n kọ́kọ́ fi pàdé iṣẹ́ yìí o. Ní 1976, nígbà tí Harvard fẹ́ kọ́ láàbù tí wọ́n á ti máa gé jíìnì, ìyẹn ohun inú ẹ̀dá tó ń sọ bó ṣe máa rí, tí wọ́n á sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, àyà ará ìlú já. Olórí ìlú, Alfred Vellucci, gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró fún oṣù díẹ̀, wọ́n yan àwọn ará ìlú láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ṣòfin ní 1977. Ẹni tó bá rò pé òfin á lé ilé-iṣẹ́ sá, ó ṣìnà. Biogen, ilé-iṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ jíìnì yìí ṣe oògùn, wá dó síbẹ̀ ní 1982, torí ohun tí ìlú gbà àtohun tí kò gbà ti hàn sí wọn.

Ní 2008 ìjọba ìpínlẹ̀ náà ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ní 2013 ni LabCentral ṣí, níbi tí èèyàn ti lè gba tábìlì kan péré, kó sì máa lo ẹ̀rọ tí apá rẹ̀ kò ká. Èmi fúnra mi, ẹ̀rọ centrifuge wa, tó ń yí kíákíá láti ya nǹkan sọ́tọ̀, kọṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, iṣẹ́ oṣù méjì wà nílẹ̀ tó fẹ́ bàjẹ́. Ọmọ China kan ní ilé-iṣẹ́ kejì ló ṣílẹ̀kùn fún wa, ó sì jókòó tì wá títí di aago méjì òru. Níbi tí àwọn mẹkáníìkì wà, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún ọ?

Ará Ìbàdàn:
Ẹ̀gẹ́ mélòó ló wà ní Cambridge? Kó gbé e wálé! IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà n'Ìbàdàn láti 1967. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe Aflasafe, irú èbu, ohun tó ń hù lára oúnjẹ tó bá bu, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe májèlé, tí wọ́n ń fọ́n sóko kó lè gba ààyè mọ́ èbu olóró lọ́wọ́ lára àgbàdo àti ẹ̀pà. Ìwádìí, oko àti ilé-iṣẹ́ wà pọ̀ lójú kan. Ṣé ìyẹn kọ́ ni ọgbà?

Bọ̀dá Boston:
Mi ò bá ẹ jiyàn lórí IITA. Ṣùgbọ́n ta ló máa san owó iná mànàmáná fún un?

Ará Ìbàdàn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, iná nìkan lẹ máa ń rí. Wọ́n ń ṣe é síbẹ̀síbẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n Hertfordshire:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìjà sílẹ̀. Iṣẹ́ ààbò láàbù ni mò ń ṣe. Àbúrò mi, kí ló wà nínú àwọn ìgò yẹn? Ṣé o ti yí jíìnì rẹ̀ padà? Níbo lo ti kọ́kọ́ ṣe é?

Aforúkọbò:
Ẹ ṣé, Bọ̀dá Boston. Èmi ò bínú sí ọgbà o, ìwà ọkùnrin yẹn ló dùn mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú, kì í ṣe kẹ́míkà. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní ohun tó ń fọ́ oró yẹn, èmi kàn fẹ́ kó pọ̀ sí i ni. Owó tí mo fi pamọ́ kò lè gbé mi ju oṣù mẹ́jọ lọ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Hertfordshire:
O kò dá mi lóhùn. Ṣé o yí jíìnì padà?

Aforúkọbò:
Bẹ́ẹ̀ ni, yíìsì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Kò lè pa ẹnikẹ́ni. Fírísà tí mo bá tì pa kò ní wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n Hertfordshire:
Kò lè pa èèyàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin wà. Lábẹ́ òfin 2014 ní Ìlú Ọba, o gbọ́dọ̀ fi ibi tó o ti fẹ́ lò ó tó HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, létí kó o tó bẹ̀rẹ̀. Fífi pamọ́ pàápàá, lílò ni òfin kà á sí. Gáréèjì tí ẹja ilé wà kì í ṣe ibi rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn mẹkáníìkì náà kò ní gbà á bẹ́ẹ̀, àfi tó o bá fowó ara rẹ tún un ṣe: ibi ìfọwọ́, autoclave tó ń fi ooru pa kòkòrò, ẹni tó ń kó pàǹtírí láàbù, ẹni tó máa yẹ ewu rẹ̀ wò. Wá ṣírò owó gbogbo ìyẹn mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù. Nínú ọgbà, o bá èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ Trinity dá ọgbà sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ ní Cambridge láti 1970. Èyí tí wọ́n ṣí ní Stevenage ní 2012, orí ilẹ̀ GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá, ló wà, ìjọba àti Wellcome, àjọ tó ń fowó ran ìwádìí ìlera lọ́wọ́, sì fowó sí i. Ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ kí àwọn kéékèèké wà nítòsí òun, kí òun lè tètè rí ohun tuntun. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yẹn fi ń bi ọ́ pé ta ló wà lẹ́yìn rẹ. Kò bú ọ. Ó fẹ́ mọ ẹni tó fowó sí i, àtẹni tó ni ohun tó wà nínú ìgò. Ta ló ni ín?

Ìyá Ìbejì Luton:
Ẹja yẹn ń kọ́? Ṣé ẹ ti jẹ nínú rẹ̀?

Aforúkọbò:
Èmi ni mo ni ín o! Ọpọlọ mi ló ti wá. Níbi iṣẹ́ mi ni mo ti ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ wọn ni mo lò, ṣùgbọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá mi mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Yíìsì tó ń pèsè ẹ́ńsáìmù, irú ohun tó ń fọ́ oró ẹ̀gẹ́ yẹn, ni wọ́n gbà mí láti máa ṣe lójoojúmọ́, kí ló burú tí mo bá ṣe ọ̀kan fún àwọn èèyàn wa?

Ẹ̀gbọ́n Hertfordshire:
Áà. Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ̀rọ̀ owó tábìlì mọ́. Òfin Patent (ìwé àṣẹ tó sọ ẹni tó ni ohun tuntun) ti 1977, abala 39: ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣàwárí lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan kò gbà ọ́ sílẹ̀. Kò sí olówó tó máa sún mọ́ ọ bí wọn kò bá rí ìwé tó sọ pé tìẹ ni. Wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á fún ọ láṣẹ láti lò ó, ẹ̀gẹ́ lè máà jẹ́ ọjà tiwọn.

Má sì ṣe sọ bó o ṣe ṣe é mọ́ níbí. Ohun tí a bá ti sọ ní gbangba kí a tó forúkọ sílẹ̀ fún patent kì í ṣe ohun tuntun mọ́.

Ará Ìbàdàn:
Ẹ gbọ́ o. Kódà tó bá gbé e wá s'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á bi í.

Aforúkọbò:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi nínú àpótí ni. Ojú ewé kọkànlá ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àwárí wà. Mo fọwọ́ sí i nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì, mi ò kà á dé ibẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi kí n tó rí lọ́yà ni?

Ẹ̀gbọ́n Hertfordshire:
Lọ́yà kọ́kọ́. Má da ohunkóhun sínú ìfọwọ́, má sì gbé ìgò kankan padà sí ibi iṣẹ́ lálẹ́ yìí. Ti fírísà náà pa, kí o fi ìwé kékeré lẹ̀ ẹ́. Mo máa kọ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Aforúkọbò:
Mo ti pe ọkọ mi wá sí gáréèjì. Mo ti ṣàlàyé fún un. Ó ń kó ẹja náà sínú ike pàǹtírí báyìí, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan.