Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa sẹ́ńsọ̀, báwo ni mo ṣe lè wọn ibi tí táyà ń gbà nínú lénì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Lápá Òjóò níbí, táyà tírélà ti tẹ ọ̀dà títì rì bíi poro oko. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀, àwọn Micra á sì máa yà bàrá.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú kan náà ni gbogbo táyà ń gbà, torí bí wọ́n bá ṣe ń tẹ ojú kan tó ni títì ṣe ń tètè bàjẹ́.

HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, ló wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sórí òpó létí títì. Mítà 4 ló lè kà, lénì kan sì jẹ́ mítà 3.65. Ṣùgbọ́n bí táyà bá wà ní mítà 3, kí ìró tó lọ kó tó bọ̀, ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí á ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ìgbà mìíràn, ara ọkọ̀ ló ń kà, kì í ṣe táyà.

Ọgbọ́n kejì ni okùn piezoelectric, ìyẹn okùn tó ń mú iná díẹ̀ jáde bí táyà bá tẹ̀ ẹ́: méjì dábùú títì, ìkẹta ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Méjì yẹn á sọ eré ọkọ̀, ìgbà tí táyà bá sì kan ìkẹta á sọ ibi tó gbà. Èyí ló wù mí jù. Ta ló ti lò ó rí? Kí ni mo lè fi lẹ̀ ẹ́ tí tírélà ò fi ní fà á ya? LiDAR, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn nǹkan, ńkọ́, ṣé eruku ọyẹ́ ò ní dà á láàmú?