Ẹ gbà mí o: SLIP ni àbí PPP lórí UART?

wáyàméjì: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi pákẹ́ẹ̀tì IP (ìdì dátà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ránṣẹ́ láti bọ́ọ̀dù kékeré kan sí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. UART nìkan, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi báìtì ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí wáyà, ló so wọ́n pọ̀. SLIP àti PPP ni ọ̀nà méjì tí mo mọ̀ láti gbé pákẹ́ẹ̀tì IP gba orí irú wáyà bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí n lò? Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ jọ̀ọ́.

ọmọ_bit: SLIP. RFC 1055 (ìwé àlàyé kan nípa íńtánẹ́ẹ̀tì) ló ṣàlàyé rẹ̀ láti 1988, kò gùn rárá. Báìtì 0xC0 ló ń parí pákẹ́ẹ̀tì. Bí 0xC0 bá wà nínú dátà, fi 0xDB 0xDC rọ́pò rẹ̀. 0xDB fúnra rẹ̀ á di 0xDB 0xDD. Fi 0xC0 ṣíwájú pákẹ́ẹ̀tì náà, kí ìdọ̀tí orí wáyà lè dá dúró lọ́tọ̀. lwIP (kóòdù IP fún bọ́ọ̀dù kékeré) ti ní slipif tó ń ṣe SLIP. Lórí Linux, àṣẹ slattach ni.

ìyá_firmware: Ẹ má tì í sínú SLIP báyẹn! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jìyà rẹ̀. Ping (ìdánwò kékeré tó ń béèrè ìdáhùn) ń lọ geere, àmọ́ bí fáìlì bá ti tóbi díẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ lójijì. Mo pààrọ̀ wáyà, mo fẹ bọ́fà, mo dín baud (iyára wáyà) kù. Ìgbà tí mo wá ń tẹ báìtì jáde níkọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé kò sí 0x13 kankan tó ń dé òdìkejì. Ètò tí mo fọwọ́ ara mi kọ kò pa XON/XOFF, ìyẹn báìtì 0x11 tó ń sọ pé "máa lọ" àti 0x13 tó ń sọ pé "dúró". Pọ́ọ̀tù rí 0x13, ó rò pé wọ́n ní kóun dúró, ó sì dúró. SLIP kì í bo 0x11 àti 0x13, kì í fi báìtì mìíràn rọ́pò wọn. PPP lè bò wọ́n, ó tún ní CRC (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bí dátà bá bàjẹ́).

ọmọ_bit: Ẹ má bínú mà, ẹ̀bi SLIP kọ́ nìyẹn. Ẹ bá pa XON/XOFF kí ẹ lo RTS/CTS, wáyà méjì tó ń sọ ìgbà tí dátà lè máa lọ.

ìyá_firmware: Wáyà TX (ìfiránṣẹ́), RX (ìgbàwọlé) àti ground nìkan ni bọ́ọ̀dù mi ní. Níbo ni n ó ti rí RTS?

agbọ́wáyà: Mo wà lẹ́yìn ìyá. SLIP kò ní checksum (nọ́ńbà àyẹ̀wò dátà) kankan. Nínú àwọn ìlànà tó ń gun orí IP, TCP ní tirẹ̀, àmọ́ UDP lórí IPv4 lè fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

onífíréèmù: Ṣé IP tiẹ̀ pọn dandan? COBS, ọ̀nà mìíràn láti pààlà sí pákẹ́ẹ̀tì, ni èmi ń lò, báìtì kan péré ló ń fi kún báìtì 254.

ọmọ_bit: IP ló béèrè o.

ọ̀gá_DMA: Ẹ ṣírò ná. Lórí baud 115200, bit 10 ni báìtì kan ń gbà, start àti stop wà nínú rẹ̀. Báìtì 11520 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pákẹ́ẹ̀tì 1500 á gba wáyà fún bí ìṣẹ́jú àáyá 0.13, gbogbo ìyókù á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Dín MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù) kù sí báìtì 296.

wáyàméjì: Ẹ ṣé gan-an. Mo gbàgbé láti sọ pé UART kan náà ni printf mi (àṣẹ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde) ń gbà jáde.

ìyá_firmware: Háà! Yọ ọ́ báyìí báyìí. "temp=31" kan péré tó bá já sáàárín pákẹ́ẹ̀tì, pákẹ́ẹ̀tì yẹn ti bàjẹ́.

wáyàméjì: Mo ti yọ ọ́, mo sì ti pa XON/XOFF. SLIP ni mo lò, MTU ṣì wà ní 1500, n kò ráyè fún PPP. Ping mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá padà.

ìyá_firmware: Ping kọ́ ló dá mi dúró. Fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́ kí o tó sùn.