Ìlù Tí Kò Pe Ọmọ Lórúkọ: Ìrírí Mi Nípa Ariwo àti Orin ní Òṣogbo

Orin ìsọmọlórúkọ kan ni ó là mí lójú. Ìyá kan ní Àlékúwodò ni ó gbé iṣẹ́ náà fún mi: ó fẹ́ kí ìyáàlù ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun, kí gúdúgúdú gbè é lẹ́sẹ̀, kí orin sì tẹ̀ lé e. A gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án, ó wá ku kí n jókòó ti kọ̀ǹpútà láti mú wọn dọ́gba. Iná ọba ti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ni mo bá yí sípíkà sókè kí n lè borí rẹ̀, mo sì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago kan òru. Ìyáàlù ń dún bí ẹni pé inú àyà mi ni wọ́n ti ń lù ú, débi pé mo rò pé ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, mo sì dín in kù. Ṣaworo etí rẹ̀ ni mo rí i pé kò mú tó mọ́ bí òru ṣe ń jìn, mo sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà gbọ́ ọ nínú pálọ̀ rẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò ní jí ọmọ tó ń sùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní: “Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n ìlù yìí kò pe ọmọ wa lórúkọ.”

Òótọ́ ni ó sọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti rá, ta ni yóò mọ̀ bóyá igbá ni onílù ń pè tàbí ìgbà? Ohun tí mo gbọ́ nínú pálọ̀ náà kò ju ṣaworo tó ń gún etí lọ, àti ìlù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu. Ojú tì mí gan-an.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ di ẹ̀bi náà ru sípíkà ìyá yìí, àfi ìgbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Láti 1933 ni Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà: bí a bá rẹ orin sílẹ̀, ohùn tó wúwo ni ó kọ́kọ́ ń sá kúrò létí, bí a bá sì yí i sókè, òun náà ni yóò padà wá kún ibi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo ṣe tàn mí tí mo fi gé ohun tí kò pọ̀ jù. Ní ti ṣaworo, wákàtí márùn-ún tí mo fi gbọ́ ohùn líle ti mú kí etí mi kú sí ohùn tó mú. Àjọ NIOSH, tó ń ṣe ìwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí ènìyàn má ṣe wà nínú ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, àti pé bí ó bá ti fi 3 lé e, kí a gé àkókò náà sí méjì. Mo ń ronú lórí èyí títí di òní.

Mo tún iṣẹ́ náà ṣe ní ìdájí, kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ní ìwọ̀n tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi lè fi bá ara wa sọ̀rọ̀ láìpariwo. Mo fi gègé fa ìlà pupa sí ibi tí mo yí sípíkà dé, ìlà náà kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ìdákẹ́rọ́rọ́ ni mo ń polówó o. Nígbà tí mo bá ń wá orin tuntun, yàrá tó pa rọ́rọ́ kì í fún mi ní nǹkan kan. Ìsọ̀ àǹtí mi nítòsí Ọjà Ọba ni orin ti ń bọ́ sí mi lẹ́nu, tàbí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Ní 2012, Ravi Mehta, Rui Zhu àti Amar Cheema tẹ ìwádìí kan jáde pé ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 70 máa ń ran ìrònú tuntun lọ́wọ́ ju 50 lọ, ṣùgbọ́n pé 85 ń dí i lọ́wọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orin ni wọ́n fi dán àwọn ènìyàn wò. Ohun tí èmi yóò fi kún un ni pé bí ariwo náà bá ní ọ̀rọ̀ nínú, bí àpẹẹrẹ bí àwọn aláta méjì bá ń jà, n kì í lè kọ ẹyọ ìlà orin kan.

— Èsì láti ọ̀dọ̀ onílù kan, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Étienne Lombard, oníṣègùn etí ará Faransé, kíyè sí i ní 1911 pé ènìyàn máa ń gbé ohùn sókè nínú ariwo láìmọ̀. Ọwọ́ àwa onílù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, bí sípíkà ńláńlá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kọ̀ǹgọ́ mi á máa le, màá máa fún ọṣán ìlù ṣáá, oríkì gígùn á sì di gbólóhùn kúkurú méjì tí mò ń tún lù. Lẹ́yìn ọdún náà, èmi àti àbúrò mi lọ jókòó létí odò nínú igbó Ọ̀ṣun, níbi tí ìró omi nìkan wà. Oríkì kan tí bàbá mi kọ́ mi, tí n kò lù láti ọdún púpọ̀, padà wá sí ọwọ́ mi níbẹ̀. Mo rọra lù ú dé òpin, àbúrò mi sì fi gúdúgúdú gbè é.