Èsì: "Ojú kúkúrú" kẹ̀? Gígùn ni ojú náà gùn!

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀gá olùkọ́ wa ní Ìkẹ́nnẹ́, mo kúnlẹ̀ kí n tó fọhùn. Ẹ ní ká máa pe àrùn tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ohun tó jìnnà ní "ojú kúkúrú", ẹ sì ní ọdún 34 tí ẹ fi kọ́ ọmọ iléèwé ní Yorùbá ló fún yín lẹ́nu. Mo bọ̀wọ̀ fún ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n "kúkúrú" yẹn ń bí mi nínú. Èdè Òyìnbó, "short-sightedness", lẹ wọ agbádá fún.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, máa ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka pátákó. Ọjọ́ tí a gba jígí fún un, ẹnì kan níbẹ̀ sọ fún un pé ojú rẹ̀ kúrú. Bá a ṣe ń bọ̀ nílé ló bi mí pé, "Mọ́mì, tí mo bá dàgbà, ṣé ojú mi náà á gùn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Gígùn yẹn gan-an ni àrùn! Ẹyinjú àgbàlagbà tí kò ní wàhálà ń lọ sí mílímítà 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bó bá fi 1 péré lé e, ó ti tó dioptre (ìwọ̀n agbára jígí ojú) 2.5 sí 3 nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé á ti kórí jọ kó tó débi tó yẹ kó balẹ̀ sí.

Ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí yìí, lẹ́yìn nínú ẹyinjú, lẹ tún pè ní "awọ ojú". Ṣebí awọ ojú là ń fi ìpara pa! Àwọ̀n ni. Inú "rete", tó jẹ́ àwọ̀n ní èdè Látìnì, ni Òyìnbó ti fa "retina" tirẹ̀ yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i o, torí ẹni tó kọ "awon oju" lásán, ojú púpọ̀ ló kọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìwópin máa ń na àwọ̀n mọ́ igi bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe. Bí a bá fà á jù, òwú rẹ̀ á tín-ín-rín, etí rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ya. Bí ti ojú tó gùn ṣe rí nìyẹn. Àwọ̀n inú rẹ̀ kì í pọ̀ sí i, nínà ló ń nà. Á fẹ́lẹ́, ó lè ya létí, ó lè ṣí kúrò lára ògiri ẹyinjú. Jígí á gbé àwòrán padà sórí àwọ̀n, àmọ́ kò lè gé ojú kúrú. Ẹni tí jígí rẹ̀ nípọn, tó ṣàdédé ń rí kíkọ mànàmáná, tàbí tó dà bíi pé wọ́n fa aṣọ dúdú bo ẹ̀gbẹ́ ojú kan, kó má sùn lọ́jọ́ náà láìrí dókítà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi "kúkúrú" ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá ọlọ́mọ?

Ẹni tó mú "ojú jíjìn" wá lánàá, òwe ti gbà á: òkèèrè lolójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Olójú jíjìn ń ríran rẹ̀ kedere.

Èmi mú "àìróòkèèrè" wá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ "o" méjì ni, torí ohùn ìsàlẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ pòórá. Ẹ̀yin tí ẹ ní "àìrókèèrè" ti tó, ẹ sọ ibi tí ẹ gbé ohùn yẹn sí.