Ta ni owó PCORI yìí já lé lórí, èmi ni àbí iléeṣẹ́ ìbánigbófò?

Ìyá Ṣadé, Houston:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mo ń ṣe. Òṣìṣẹ́ 28 ló wà lórí ètò ìlera wa: àwọn 16 dá wà, àwọn 12 kó ìdílé mọ́ ọn. Iye kan náà là ń san lóṣooṣù, kì í gbé e wá sókè, kì í gbé e wálẹ̀, mo ṣáà gbà pé ìbánigbófò bíi ti gbogbo ayé ni. Àfi bí alágbàtà tó tà á fún wa ṣe fi ìlà méjì péré ránṣẹ́ lánàá pé kí n má gbàgbé PCORI, ọjọ́ 31 oṣù Keje. Mo pè é títí, kò gbé e. Kí lèyí? Ṣé èmi ni màá san án? Ṣé mo sì lè máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù wọn?

Bàbá Ìbejì, Atlanta:
Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò ló ń san án. Àwa ò san kọ́bọ̀ rí.

Kúnlé Akáǹtì, Maryland:
Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sà, òótọ́ nìyẹn fún irú ètò tiyín, níbi tó jẹ́ iléeṣẹ́ ìbánigbófò ló ru ewu rẹ̀. Wọ́n ti ká a mọ́ iye tẹ́ ẹ̀ ń san. Mọ́mì, PCORI ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ́dọọdún lórí ètò ìlera. Ẹ tú ìwé àdéhùn yín wò. Ṣé ẹ rí "level-funded" níbì kankan?

Ìyá Ṣadé:
Ó wà níbẹ̀, wínníwínní ni wọ́n kọ ọ́. Kí ló fà á?

Kúnlé Akáǹtì:
Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó oṣooṣù yín pín sí. Apá kan bọ́ sí àpò tí wọ́n ti ń san owó ilé ìwòsàn, apá kan jẹ́ ti alábòójútó tó ń bá yín ṣe ìwé, apá kẹta ni stop-loss, èyí tó máa gbà yín bí àìsàn ẹnì kan bá gbówó lérí jù. Ohun tó ń san owó ìtọ́jú gan-an ni àpò àkọ́kọ́ yẹn, tiyín sì ni. Nítorí náà, lójú IRS, àjọ tó ń gba owó orí, ẹ̀yin lẹ ru ewu ètò náà, ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè PCORI. Alábòójútó lè bá yín ka orí, ṣùgbọ́n orúkọ yín ló máa wà lórí Form 720, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń san owó náà.

Iye rẹ̀ ò pa èèyàn. Ètò tó parí ní oṣù Kejìlá 2024, $3.47 ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àtọmọ àtìyàwó. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ máa ka ọmọ ẹlòmíì, ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ọjọ́ náà bára mu, kẹ́ ẹ ka àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí ètò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó dá wà jẹ́ 1; ẹni tó kó ìdílé mọ́ ọn jẹ́ 2.35, ì báà bí ọmọ mẹ́fà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọmọ Yorùbá síṣẹ́, èyí dáa fún yín.) Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kẹ́ ẹ fi 4 pín in. Bí iye yín ò bá yí padà lọ́dún náà, 12 lọ́nà 2.35 jẹ́ 28.2, ẹ fi 16 kún un, ó di 44.2. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.47: $153 àti sẹ́ńtì díẹ̀.

Ti owó oṣù yẹn, rárá o. Owó táwọn òṣìṣẹ́ dá sí ètò náà, ohun ìní ètò ni, gbèsè yìí sì jẹ́ ti agbanisíṣẹ́. Ẹ lè kà á mọ́ ìnáwó iṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó orí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Chicago:
Tiwa jẹ́ ìbánigbófò gidi, àmọ́ a tún ní HRA, owó tí agbanisíṣẹ́ yà sọ́tọ̀ láti fi dá owó ìtọ́jú padà fún òṣìṣẹ́. Àti ti eyín àti ojú, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kúnlé Akáǹtì:
Ẹ máa san ti HRA, ẹyọ kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ka ìdílé. Eyín àti ojú tó dá dúró ò sí níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi owó náà ṣe?

Kúnlé Akáǹtì:
Ìwádìí lórí irú ìtọ́jú tó ń ṣe aláìsàn lóore jù. Òfin ìlera ọdún 2010 ló dá a sílẹ̀. $1 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó ti dópin, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún fi ọdún mẹ́wàá kún un.

Ìyá Ṣadé:
Kúnlé, o ṣé ọmọ mi. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 la gba ètò yìí. Àbí mo ti jẹ gbèsè kan sílẹ̀?

Kúnlé Akáǹtì:
Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ti 2023 yẹ kó ti wọlé ní oṣù Keje 2024, $3.22 sì ni tìyẹn. Ẹ kọ Form 720 rẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìdámẹ́rin kejì ọdún 2024, kẹ́ ẹ ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n lè bu owó ìtanràn díẹ̀ lé e. Ti ètò 2024, Form 720 ti ìdámẹ́rin kejì 2025 ni, No. 133 lórí rẹ̀, ìlà ètò tí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ru. Ẹ má san méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.