Ẹ gbà mí o: ọkọ̀ ojú omi lọ sí Norway fún màámi, aago méjìlá òru òní ló máa parí

Àbíkẹ́_Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Màámi máa pé àádọ́rin ọdún, àwa ọmọ ti dáwó jọ láti gbé wọn lọ sí Norway nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀dínwó tí mo rí máa parí láago méjìlá òru òní. Èwo ni kí n mú? Àwọn tó ti lọ nìkan ni kó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Alárìnkiri
Èwo nínú kí ni? Ṣé inú àwọn fjord, omi òkun tó wọ àárín òkè, ní apá gúúsù lẹ ń lọ ni, àbí ẹ fẹ́ gòkè dé Arctic, ìhà àríwá pátápátá? Oṣù wo? Ẹ ò sọ nǹkan kan.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ mú ọkọ̀ ńlá tó ń gbéra ní Southampton. Ẹ ò ní wọ bàálù rárá. Ọ̀sẹ̀ kan péré: Stavanger, Olden, Geiranger, Bergen, ẹ padà sílé. Oṣù kẹfà làwa lọ. Geiranger yẹn, ẹ ẹ̀ ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Òkun ni o, àmọ́ ó wọ àárín òkè lọ bí ọ̀nà oko, omi sì ń já bọ́ láti ojú àpáta lọ́tùn-ún lósì. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Àgbàlagbà á gbádùn ẹ̀, torí omi ibẹ̀ tòrò bí omi inú àmù.

Bọ̀dá_Wálé
Ọmọ àádọ́rin ọdún, kí ni wọ́n ń wá lọ sínú òtútù? Ẹ gbé wọn lọ sí Dubai.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Físà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ físà. Norway kò sí nínú EU lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà. Páásì Nàìjíríà ò lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láìsí físà, bí èèyàn tiẹ̀ ní páálí ìlú ọba. 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Wọ́n á tún béèrè ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó lè san 30,000 yúrò, ó kéré tán. Ẹ fi ọjọ́ 15 sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó ìwé fún wọn, ẹ tiẹ̀ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n dá ìyá ọkọ rẹ̀ padà ní èbúté, pẹ̀lú àpótí, pẹ̀lú fìlà òtútù lórí.

Tísà_Leeds
Ẹ má lọ. Mo ní ẹ má lọ. Oṣù kọkànlá lèmi àtọkọ mi lọ, Bergen sí Kirkenes lókè àríwá, nítorí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ní ó ń jó lójú ọ̀run. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Yàrá tí wọ́n fún wa, orí ẹ́ńjìnì gan-an ló wà. Èbúté 34 lọkọ̀ yẹn ń yà! Láago méjì òru wọ́n á máa já ẹrù, ariwo á máa dún lábẹ́ ìrọ̀rí mi bí ẹni ń lọ òkúta. Ìgbà tá a bọ́ sí òkun gbangba, ọkọ mi gbá garawa mọ́ra láti alẹ́ dòwúrọ̀. Nordkapp, orí òkè etí òkun lókè àríwá tá a sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, a ò dé bẹ̀, ìjì ti ọ̀nà. Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ìkùukùu ni mo rí fún ọjọ́ mẹ́fà. Aago méjì ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú. Oúnjẹ, ẹja àti ọ̀dùnkún. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dùnkún àti ẹja. Mo bẹ̀ wọ́n fún ata, wọ́n gbé ata dúdú wá.

Ìyá_Ìbejì
Yéè! Tísà, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ṣadé_Kent
Mo ti ń wo ti oṣù kejìlá lọ́wọ́. Mo ti yọwọ́.

Bọ̀dá_Wálé
Mo sọ Dubai, ẹ ò dá mi lóhùn.

Alárìnkiri
Tísà, ẹ má bínú o, ta ló rán yín ní oṣù kọkànlá? Láti ìparí oṣù yẹn títí di àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ rárá ní Tromsø, ìlú kan ní àríwá lójú ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn náà, kì í ṣe ọkọ̀ fàájì látilẹ̀wá. Ní 1893 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà yẹn kó lẹ́tà, ẹrù àti àwọn ará abúlé etíkun. Bí wọ́n bá ń já ẹrù lóru, iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Tísà_Leeds
Owó àlejò ni mo san. Ẹ̀yin wá ní kí n fara da ìyà lẹ́tà.

Alárìnkiri
Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n Àbíkẹ́, oṣù kẹfà ni kẹ́ ẹ lọ. Ní Tromsø, oòrùn kì í wọ̀ láti 20 oṣù karùn-ún títí di 22 oṣù keje. Ní Nordkapp, láti 14 oṣù karùn-ún títí di 29 oṣù keje. Ẹ óò jókòó sórí ọkọ̀ láago méjìlá òru, ẹ óò máa ka ìwé ìròyìn.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Ṣé ẹ ti gbàgbé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kú lójú agbami ní 2019, tí wọ́n ń fi hẹlikọ́pítà fa arúgbó sókè lọ́kọ̀ọ̀kan? Norway náà ni.

Kúùkù_Ojú_Omi
Kúùkù inú ọkọ̀ ni mí fún ọdún mẹ́fà, mo mọ etíkun yẹn. Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, Viking Sky ni, oṣù kẹta 2019, lójú omi Hustadvika. Èèyàn 1,373 ló wà nínú rẹ̀, hẹlikọ́pítà gbé 479. Kò sẹ́ni tó kú. Òróró ẹ́ńjìnì ló lọ sílẹ̀, tí ìgbì wá ń dà á síwá sẹ́yìn, ni àwọn ẹ́ńjìnì bá pa ara wọn. Inú fjord kò ní wàhálà. Ibi tí erékùṣù ò ti bo ọkọ̀ ni ìṣòro wà: Hustadvika yẹn, àti ìta lẹ́yìn Nordkapp. Yàrá àárín ọkọ̀, ìsàlẹ̀ díẹ̀, ni kẹ́ ẹ gbà fún àgbà, ẹ má gba ti imú ọkọ̀. Kí wọ́n lo oògùn èébì kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Tó bá ti ń jó, ó ti bọ́.

Ajé_Oyíngbò
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Norway yìí náà ni pánlá ti ń wá?

Kúùkù_Ojú_Omi
Ibẹ̀ gan-an. Erékùṣù Lofoten. Láti oṣù kìíní ni ẹja cod ti ń wọ́ wá láti òkun Barents láti wá yé ẹyin. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á so ó ní méjì-méjì kọ́ sórí igi gbọọrọ láti oṣù kejì lọ, kò sí iyọ̀, kò sí iná, atẹ́gùn tútù nìkan ló ń gbẹ ẹ́ títí di bí oṣù kẹfà. Àwọn ará Ítálì ló ń ra èyí tó dára jù. Orí rẹ̀, tiwa ni.

Ajé_Oyíngbò
Áà! Orí yẹn ni mò ń fi ọdún mẹ́wàá tà.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Ẹ dúró ná. Okporoko lẹ ń sọ yẹn. Pánlá kọ́. Pánlá ni ẹja kékeré tí wọ́n ń yan.

Ajé_Oyíngbò
Ta ló bí ẹ ní Ẹ̀pẹ́? Nílé wa, pánlá lorúkọ ẹja líle yẹn kí wọ́n tó bí bàbá ẹ.

Ìyá_Ìbejì
Nílé tiwa náà. Èyí tí wọ́n fi ayùn gé.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Ará Ẹ̀pẹ́ lẹ ń kọ́ ní orúkọ ẹja?

Kúùkù_Ojú_Omi
Ẹ fi pánlá sílẹ̀. Àbíkẹ́, bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ mọ̀ pé alẹ́ ni ọkọ̀ etíkun máa ń dé Svolvær, èbúté kan ní Lofoten, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sùn ní òru méjì, kẹ́ ẹ wọ òmíràn. Ojoojúmọ́ lọkọ̀ ń kọjá.

Àbíkẹ́_Manchester
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti sanwó. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Geiranger ò wú wọn lórí, wọ́n ní àwọn ti rí òkè ní Ìdànrè. Oòrùn ọ̀gànjọ́, wọ́n ní ta ló máa sùn? Ìgbà tí wọ́n dé orí pánlá, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ń lọ, àti pé ìgbà tí ẹja bá wà lórí igi làwọn fẹ́ dé. Ni mo bá mú Bergen sí Kirkenes, oṣù kẹta. A ò ní sùn ní Svolvær ṣá, owó ò tó. Màámi ní àwọn á yọjú láti orí ọkọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Físà wọn ńkọ́?

Àbíkẹ́_Manchester
Páásì ìlú ọba ló wà lọ́wọ́ wọn láti 1998.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́
Ẹ sì jẹ́ kí n kọ gbogbo ìyẹn?

Bọ̀dá_Wálé
Oṣù kẹta. Norway. Ó dáa.

Tísà_Leeds
Àbúrò, yàrá wo lẹ gbà?

Àbíkẹ́_Manchester
Èyí tó dín owó jù. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ló máa yan nọ́mbà fún wa.

Tísà_Leeds
Ẹ ra òwú ìdítí. Garawa, wọ́n á fún yín níbẹ̀.